Ẹni Tó Ń Gbọ́ Báàkì-Ásù ní Kẹ́tu

Ara mi kì í gbélẹ̀. Ìyá mi sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyàwó mi ń sọ ọ́ títí dòní. Ẹ ní kí n jókòó, màá jókòó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ tábìlì. Iṣẹ́ onísùúrù ni mo sì wá lọ kọ́, ṣé ẹ rí ayé? Báàkì-ásù ni mo ń ṣe, ilé irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì tó sì ń pín in fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Mi ò ṣe búréèkì. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ wá fún mi, kẹ́ ẹ gbé iwájú lọ fún ẹlòmíì.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kẹ́tu, níbi tí àwa mẹkáníìkì méje to ṣọ́ọ̀bù wa sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsí. Èmi ni mo dàgbà jù láàárín wọn. A ní àṣà kan níbẹ̀ tí mi ò rò pé ẹ lè rí níbòmíì: ẹnikẹ́ni tó bá tún báàkì-ásù tàbí gíábọ́ọ̀sì ṣe, kò gbọdọ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àfi tí mo bá ti gbọ́ ọ. Wọ́n á wá bá mi: "Ọ̀gá, ẹ wá bá mi gbọ́ ọ." Màá nu ọwọ́, màá jókòó sẹ́yìn, a ó wà á dé Alápẹ́rẹ̀, a ó yí padà. Tí mo bá ní "Ó dákẹ́," ó parí nìyẹn. Tí mo bá ní "Ó ń sunkún," kò sí àríyànjiyàn, wọ́n á tú u. Wọ́n ní etí mi ju ti ajá lọ. Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju owó iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń sunkún níbẹ̀. Gíà méjì ló ṣe kókó nínú báàkì-ásù. Ọ̀kan ni kíráùn, ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Èkejì ni píníọ̀nù, orí rẹ̀ kéré, ó ní ọ̀pá lẹ́yìn. Eyín píníọ̀nù ló ń ti eyín kíráùn tí táyà fi ń yí. Ní abẹ́ orí píníọ̀nù, kó tó kan bẹ́árìn, wáṣà kan wà níbẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí èékánná. Wáṣà yẹn ló ń pinnu bí píníọ̀nù ṣe máa wọnú kíráùn jìn tó. Tí wáṣà bá nípọn jù, píníọ̀nù á wọlé jù. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, kò ní wọlé tó. Ohun tí mo ń wí yìí lè má ju fọ́nrán irun orí kan lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ń sáré, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ké hííí, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, bó bá sì pẹ́, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́, ará ìpínlẹ̀ Ògùn ni, onígbàgbọ́ tó máa ń gbàdúrà lé sípánà lórí láràárọ̀. Bàbá ò fi etí ṣe tiwọn. Wọ́n ní bẹ́árìn àlòkù kan tí wọ́n ti fi sáńpépà ha ihò inú rẹ̀ títí tó fi ń wọ ọ̀pá píníọ̀nù wẹ́rẹ́, tó sì ń jáde wẹ́rẹ́. Bẹ́árìn gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, òòlù àti agídí lẹ máa fi yọ ọ́. Nítorí náà, bẹ́árìn yẹn ni Bàbá máa ń fi dánwò: wọ́n á fi wáṣà kan sí i, wọ́n á tò ó, wọ́n á po búlúù tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ funfun mọ́ gíríìsì, wọ́n á fi kun eyín kíráùn, wọ́n á fi ọwọ́ yí i. Ibi tí píníọ̀nù bá ti nu búlúù kúrò, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Tó bá jẹ́ ní ìdí eyín, píníọ̀nù ti wọlé jù. Tó bá jẹ́ ní ṣóńṣó eyín, kò wọlé tó. Wọ́n á tú u, wọ́n á pààrọ̀ wáṣà, wọ́n á tún kùn ún. Ìgbà mẹ́ta, ìgbà márùn-ún. Odidi ọjọ́ kan lórí wáṣà kan! Èmi á máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, inú á máa bí mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dè é, ká wà á, ká gbọ́ ọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o ní etí, máa fi etí jẹun."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé lọ sinmi, wọ́n kó bẹ́árìn náà àti búlúù sínú agolo mílíìkì, wọ́n fún mi. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ti agolo náà sábẹ́ tábìlì. Mi ò ṣí i rí. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé wáṣà tó bá jáde nínú ọkọ̀ ni mo máa ń dá padà, màá dè é, màá wà á, màá gbọ́ ọ. Tí kò bá dùn mọ́ mi létí, màá tún un ṣe. Ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àfìgbà tí Àlájà kan gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá.

Ata ni Àlájà ń tà ní Mile 12, rodo àti tàtàṣé, alápẹ̀rẹ̀-alápẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀, híjáàbù lórí, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó ń gbé ata lọ fún àwọn olóúnjẹ ní Anthony àti ní Ìṣẹ́rí Olówóòra. Ẹrù ló pa báàkì-ásù náà. Nígbà tí mo tú u, eyín kíráùn mẹ́ta ti kán, wọ́n ń yí nínú ọ́ìlì. Mo lọ sí Owódé Onírin, mo ra kíráùn àti píníọ̀nù tokunbọ̀ tí wọ́n fi wáyà so pọ̀, nítorí tọkọtaya ni wọ́n, a kì í yà wọ́n. Nọ́ńbà kékeré kan wà tí wọ́n kọ sórí píníọ̀nù náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bàbá ì bá ti gbé ojú sí i, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò wáṣà lórí rẹ̀. Èmi? Wáṣà tó jáde ló wọlé. Mo dè é, mo da ọ́ìlì sí i, mo wà á dé Anthony, mo wà á padà. Mo tẹ́tí. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọjọ́ kẹta, Àlájà dé.

"Uncle, ọkọ̀ yìí ń sunkún o."

"Àlájà, ẹ káàárọ̀ ná."

"Káàárọ̀ kẹ̀? Bí mo bá ti tẹ tọ́tù báyìí, ó ń ké hííí, ó ń wọ̀ mí lórí. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Mo wọlé. Ó tẹ tọ́tù lójú Ìkòròdú Road bíi pé ọlọ́pàá ń lé e. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, ẹ́ńjìnì ni mo gbọ́, àti atẹ́gùn lójú wíńdò. Ó wò mí. "Ẹ gbọ́ ọ?" Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Yìí ńkọ́?" Inú ti ń bí mi. Ta ni yóò jókòó sínú ọkọ̀, kí alátà máa kọ́ ọ bí báàkì-ásù ṣe ń ké? Mo ní, "Àlájà, táyà yín ni. Táyà yín ti jẹ, òun ló ń hó." Ohùn mi le nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó já mi sí ṣọ́ọ̀bù, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà wá. Ó ti pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Táyà tuntun, ó ṣì ń dán. "Ó ṣì ń sunkún," ó ní. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo wo táyà yẹn, ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà láti sọ ọ́. Mo ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Mo tú u. Mo fi òòlù yọ bẹ́árìn, mo fi wáṣà tó nípọn díẹ̀ sí i, mo tò ó padà, mo dè é. Mi ò fẹ́ dá gbọ́ ọ, mo bá pe ọkùnrin tó ń ṣe gíábọ́ọ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn mí. Ẹni ogójì ọdún ni, ọlọ́mọ mẹ́ta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. A wà á dé Alápẹ́rẹ̀.

"Ó dákẹ́, àbí?" mo bi í.

Ojú wíńdò ló ń wò. "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ti ní ó dákẹ́…"

"Mo bi ọ́ ni."

"Ó dákẹ́, sà."

Àlájà gbé e lọ. Kò pé ọjọ́ méjì, ó tẹ̀ mí láago pé ó tún burú sí i. Mo ní kó jẹ́ kó rìn díẹ̀, kí gíà mọ ara wọn. Irọ́ ni. Àwa mẹkáníìkì máa ń pa á tí a ò bá mọ ohun tá a máa sọ.

Látọjọ́ náà ni mi ò ti ní ìsinmi mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo nǹkan dán etí mi wò. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ òòlù, mo gbọ́ àwọn tó ń bú ara wọn nídìí omi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀! Kí ló wá kù? Mo máa ń dìde lórí oúnjẹ láti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ní, "Daddy, kí lẹ ń wá?" Mo ní kò sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró níwájú mi, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Daddy, fóònù yín ti ń dún látàárọ̀. Ṣé ẹ ò fẹ́ gbé e ni?"

Fóònù wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ mi. Iná ń tàn lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin wa ló yí ohùn rẹ̀ padà sí ohùn ẹyẹ kan báyìí. Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó máa dún ni. Mo jáde nílé láìjẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó ń fi etí jẹun, tí etí bá wá lọ, kí ló kù fún un? Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Àwọn tó ń pè mí wá gbọ́ ọkọ̀ wọn, ṣé àwọn ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọ́n ṣì ń pè mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni mo sì sọ pé ó dákẹ́.

Àlájà ò pè mọ́. Ìyẹn gan-an ló dà mí láàmú jù. Ẹni tó ń bínú, ẹ lè bá a jà. Ẹni tó dákẹ́, kí lẹ fẹ́ ṣe fún un? Mo dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ wá a ní Mile 12.

Ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀, tòmáàtì tó ti bàjẹ́ wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo ń wo ibi tí mo ń tẹ̀, mo ń ronú ohun tí mo fẹ́ sọ. Àfi bí ẹnì kan ṣe fa ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ẹ̀yìn, fáà! bọ́tìnnì méjì já, mo sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìdí tírélà ńlá kan tó kó àlùbọ́sà láti òkè ọya kọjá níwájú imú mi, ó ń fi ẹ̀yìn rìn.

Alábàárù kan ló fà mí. "Bàbá, ṣé orí yín dá ṣá? Mọ́tò ń rìfáàsì, ó ń pariwo píì-píì-píì, gbogbo ayé ti sá, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rìn lọ bá a!"

Gbogbo ayé ti sá lóòótọ́. Mo wò yíká, èmi nìkan ló wà lójú ọ̀nà. Mo wo ẹ̀yìn tírélà náà, iná pupa ń tàn, ó ń kú. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń bú ramúramù, mo gbọ́ ọ. Alábàárù ń bú mi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n píì-píì tí wọ́n ń wí, kò sí níbì kankan nínú etí mi. Ó dà bíi pé wọ́n ń parọ́ mọ́ mi.

Ohùn tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni ti Àlájà. "Ẹ fi í sílẹ̀, àlejò mi ni." Ó jókòó láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ ata, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wá jókòó, ó já píọ̀ wọ́tà fún mi, ó dúró kí n mu ún tán.

"Uncle, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?" Mo ti gbójú.

Kò bínú. Ó ń ṣa ata tó ti rọ̀ kúrò láàárín àwọn tó le. "Bàbá àwọn ọmọ mi, iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ló ń ṣe, ó ti pẹ́ nídìí ariwo rẹ̀. Ó ń gbọ́ tí mo bá ń pariwo lé e. Kì í gbọ́ tí ọmọ bá ń fọn fèrè. A máa ń jà. Mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àfìgbà tí dókítà sọ fún wa. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń lọ."

Ẹsẹ̀ mi ń jó nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Àlájà, ẹ má bínú nítorí táyà yẹn."

"Mo ti bínú, mo ti bínú tán," ó ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí báyìí, kó má lọ kán sọ́nà Olówóòra tòun ti ata lẹ́yìn. Ẹ lọ tún ọkọ̀ mi ṣe. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí ṣe é."

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, mo wọ abẹ́ tábìlì. Mo kó táyà jáde, mo kó àpò jáde, mo rí agolo mílíìkì. Ìpẹtà ti mú ìdérí rẹ̀, sìkúrúdíráfà ni mo fi ṣí i. Bẹ́árìn Bàbá wà nínú rẹ̀, wọ́n fi gíríìsì kùn ún kó má baà dógùn-ún, wọ́n sì wé e sínú bébà. Búlúù ti dì gbagidi. Mo lọ ra tuntun lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọṣẹ lódìkejì. Ó ní, "Daddy, aṣọ funfun wo lẹ fẹ́ fọ̀?" Mo sanwó, mo yára padà.

Mo tú báàkì-ásù Àlájà. Mo fi òòlù yọ bẹ́árìn gidi, mo fi ti Bàbá sí i, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo po búlúù mọ́ gíríìsì, mo kun eyín kíráùn mẹ́rin, mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Mo tẹjú mọ́ ọn.

Ìdí eyín gan-an ni píníọ̀nù ń jẹ. Ibẹ̀ ń dán. Ó wọlé jù, ó wọlé jù gidi, èmi ni mo sì tún tì í wọlé sí i lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo fi wáṣà tó nípọn sí i. Àlájà ní ó burú sí i, ó sì burú sí i lóòótọ́. Ká ní ẹnì kan gbá mi létí nígbà yẹn, mi ò ní bá a jà.

Mo fi wáṣà tó fẹ́lẹ́ jù sí i. Mo kùn ún, mo yí i. Ó bọ́ sí ṣóńṣó eyín. Mo tú u. Ara mi ń yún mi, ọkàn mi ń sọ pé dè é, wà á, ó ti tó. Mo dìde, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Ìkòsí, mo padà. Wáṣà kẹta, ó ṣì lọ sókè díẹ̀. Mo tú u. Mo ronú kan Bàbá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo òòlù tí wọ́n ti lù, ǹjẹ́ mo gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn pé àwọn gbọ́ nǹkan nínú ọkọ̀? Rárá o. Èmi ni mo máa ń gbọ́, tí màá sì máa fi yangàn. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Àbí etí tiwọn náà ti lọ ni?

Wáṣà kẹrin. Mo kùn ún, mo yí i. Búlúù nù kúrò láàárín eyín gan-an, ó gùn díẹ̀, kò kan òkè, kò kan ìdí. Mo kun eyín mẹ́rin mìíràn ní apá kejì, mo yí i, bákan náà ni. Bí a ṣe ń sunkún là ń ríran. Omi bọ́ lójú mi sórí irin, ṣùgbọ́n mo rí i kedere. Mo tẹ bẹ́árìn gidi wọlé, mo tò ó, mo dè é.

Àlájà ló wà á ní ọjọ́ kejì, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pa rédíò. A gba Ìkòròdú Road, ó tẹ tọ́tù, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mi ò wo ọ̀nà rárá. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò, bí aláìsàn ṣe ń wo ojú dókítà. Ó di ẹnu pọ̀. A kọjá Ọjọ́ta, kò sọ̀rọ̀. A dé Anthony, kò sọ̀rọ̀.

"Àlájà, ẹ dákun, ẹ pa mí tán."

"Ó dákẹ́," ó ní.

"Ẹ búra."

"Wàláì. Mímí ara mi ni mò ń gbọ́." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó já mi sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ apẹ̀rẹ̀ rodo kékeré kan sílẹ̀ fún ìyàwó mi.

Mi ò tíì gbé apẹ̀rẹ̀ náà wọlé tí ọkùnrin onígíábọ́ọ̀sì fi dé, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ti tún báàkì-ásù bọ́ọ̀sì kékeré kan ṣe, bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé.

"Ọ̀gá, ẹ wá bá mi gbọ́ ọ."

Mo nu ọwọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà. Àwọn àga kéékèèké wà nínú rẹ̀, ẹnì kan gbàgbé sókísì funfun kan sórí ọ̀kan. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé.

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́," mo ní. "Etí mi ti lọ."

Mo dúró kó yà á lẹ́nu. Kò yà á lẹ́nu. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. A mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo wa ni, sà. Ó ti ju ọdún kan lọ."

"Àwọn ọkọ̀ tí mo ní ó dákẹ́ ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá ti lọ sílé, àwa náà á tún wà á, a ó gbọ́ ọ. Èyí tó bá ń sunkún, a ó tú u ṣe kí wọ́n tó wá gbé e."

Inú bí mi! Mo pariwo lé e lórí, mo ní ìwà burúkú nìyẹn, mo ní wọ́n sọ mí di ère, wọ́n ń gbé mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lásán. Kí ló dé tí wọn ò lè sọ fún mi? Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, "Ọ̀gá, àgbà wa lẹ jẹ́. Ta ló máa kò yín lójú pé ẹ ò gbọ́ràn?" Tó bá jẹ́ Bàbá ni, èmi náà ò ní sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ mí lára. Wọ́n ń tún tiwọn gbọ́. Ta ló ń tún tèmi gbọ́? Wọn ò lè tú ọkọ̀ mi lẹ́yìn mi. Odidi ọdún kan, gbogbo ọkọ̀ tó jáde ní ìlà wa ló dákẹ́, àfi tèmi.

Mo jókòó sórí táyà kan. Ẹsẹ̀ mi ò jó. Mo ní kó gbé bọ́ọ̀sì náà sórí jáàkì, kó tú u, kí n wá wo eyín rẹ̀, àti pé kó pe àwọn yòókù wá wo bí wọ́n ṣe ń po búlúù. Lẹ́yìn náà ni mo mú fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ yín padà wá, iṣẹ́ mi ò dáa tó, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e, bàbá kan ni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó búrẹ́dì. Mo bi í bóyá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ń ké.

"Ó ń ké o," ó ní. "Ó ti ń ké láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ó dákẹ́, mo ní bóyá etí tèmi ni ò dáa."